Skimmer tuntun ń da omi sínú ife dípò ìfófó: ibo ni kí n yí fáàfù sí?

ỌmọÒkun (Lẹ́kí):

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Skimmer tuntun kan, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi hóró afẹ́fẹ́ kó ìdọ̀tí inú omi táńkì ẹja òkun sínú ife orí rẹ̀, ló ń dà mí láàmú. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó dá a padà sínú páálí.

Táńkì náà jẹ́ 120 × 50 × 50 cm, ìyẹn líta 300. Sump (táńkì kékeré tí a ń kó ẹ̀rọ sí) wà nísàlẹ̀, omi inú rẹ̀ tó líta 70. Ẹja mẹ́fà ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú coral rírọ̀, LPS (coral tó ní egungun líle) díẹ̀ àti òkúta bíi kílò 35. Iyọ̀ wà ní 1.025 lórí òṣùwọ̀n ìwúwo omi. Skimmer náà fẹ̀ nísàlẹ̀, ó tín-ín-rín lókè, needle wheel (kẹ̀kẹ́ oníabẹ́rẹ́ tó ń gé afẹ́fẹ́ sí wẹ́wẹ́) ló ń lò, ìwé rẹ̀ sì sọ pé ó tó táńkì líta 500. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti fi ránṣẹ́. Pọ́ǹpù rẹ̀ jẹ́ 115V, 60Hz, nítorí náà orí step-down (ẹ̀rọ tó ń dín volt iná kù) ló wà. Omi inú yàrá sump tí mo gbé e sí ga tó 26 cm.

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí mo tan án. Kì í tó wákàtí kan tí ife orí rẹ̀ á fi kún, omi tó mọ́ gaara ló sì máa ń wà níbẹ̀, kì í ṣe ìdọ̀tí. Mo ti ṣí fáàfù ìjáde tán, síbẹ̀ omi kò kúrò lẹ́bàá ọrùn. Tó bá wá di alẹ́, tí mo fún ẹja lóúnjẹ, ìfófó á lọ sílẹ̀ pátápátá. Bí wọ́n bá mú iná lọ tí wọ́n tún mú un dé, àkúnwọ́sílẹ̀ ni. Hóró afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ náà ń bá omi gòkè lọ sínú táńkì.

Ibo gan-an ni kí n yí fáàfù sí? Ṣé kí n dín afẹ́fẹ́ kù ni, àbí skimmer yìí ti tóbi jù fún táńkì mi? Ẹ ṣeun o.


OníSump (Ìbàdàn):

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ fi fáàfù sílẹ̀ ná. Skimmer tó wà nínú omi 26 cm, kò sí bí ẹ ṣe lè yí fáàfù rẹ̀ tó máa gbọ́ràn. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn skimmer inú sump, omi 18 sí 22 cm ló bá wọn mu. Ẹ wo ìwé tó bá tiyín wá, nọ́ńbà náà kì í sọnù níbẹ̀.

Ìdí rẹ̀ ni pé omi tó fẹ́ jáde kúrò nínú skimmer gbọ́dọ̀ borí omi tó yí i ká. Bí omi sump bá fi 1 cm ga sí i, omi inú skimmer náà á fi nǹkan bíi 1 cm gòkè. Ẹ̀yin ti fi 4 sí 8 cm kọjá ibi tó yẹ, bẹ́ẹ̀ ọrùn skimmer fúnra rẹ̀ kò gùn púpọ̀. Ibi tí ó yẹ kí ìfófó ti máa gun òkè, tí omi á ti máa ro kúrò lára rẹ̀, omi ti gba gbogbo ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ohun tó ń bọ́ sínú ife fi mọ́ gaara.

Ẹ gbé skimmer náà sókè. Ẹ gé páìpù PVC sí mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó 5 cm, kí gbogbo wọn dọ́gba, ẹ wá tẹ́ pátákó acrylic lé wọn lórí. Ike oníhò-oníhò tí wọ́n fi ń bo iná àjà ní ọ́fíìsì náà dára, ẹ kàn tò ó léra wọn títí á fi tó. Ẹ má lo bíríkì, ẹ má lo irin. Lẹ́yìn náà ẹ fi ìwọ̀n káfíńtà wò ó bóyá ó dúró déédéé, torí bí ó bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ yẹn nìkan ni ìfófó á máa gbà gòkè.

Kí ẹ tó sọ pé ó ti parí, ẹ tún wò ó bóyá gíga omi inú yàrá yẹn kì í yẹ̀. Ṣé gíláàsì ìdínà kan ló ń dá omi rẹ̀ dúró, tí omi ń ṣàn kọjá lórí rẹ̀ bọ́ sí yàrá kejì? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ó dára. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ yàrá kan náà pẹ̀lú pọ́ǹpù tó ń dá omi padà sókè, wàhálà kò ní tán, torí yàrá yẹn ni gbogbo omi tó bá fà ti máa ń hàn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: bí yàrá náà bá jẹ́ 30 × 40 cm, tí omi líta 4 sì fà lọ lójúmọ́ (nínú ilé tí fáànù àti A.C. ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ohun ìyàlẹ́nu), omi á fi ju 3 cm lọ sílẹ̀ láàárọ̀ sí àárọ̀. Bí ẹ bá tún skimmer ṣe láàárọ̀, ó ti bàjẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Níbi tí kò bá sí gíláàsì ìdínà, ẹ ra ẹ̀rọ tó ń fi omi kún sump fúnra rẹ̀. Tàbí kí ẹ gbé skimmer sínú àpótí acrylic kan nínú sump, kí ẹ la ẹnu àpótí náà sí 20 cm, kí omi tó ń bọ̀ látòkè máa kọ́kọ́ bọ́ sínú rẹ̀.

Ó di ọ̀rọ̀ fáàfù báyìí. Ẹ kọ́kọ́ fọ skimmer náà, torí òróró ilé iṣẹ́ máa ń wà lára ike tuntun. Ẹ da fínígà funfun líta 1 sínú omi tó lọ́ wọ́wọ́ líta 10 nínú báàfù, ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sínú rẹ̀, kí pọ́ǹpù máa ṣiṣẹ́ mọ́jú, lẹ́yìn náà ẹ fi omi ṣàn án dáadáa. Omi náà kò gbọ́dọ̀ gbóná jù, acrylic lè là tàbí kí ó wọ́. Ẹ má fi ọṣẹ kankan kàn án.

Tí ẹ bá ti dá a padà sínú sump, ẹ ṣí fáàfù ìjáde sílẹ̀ pátápátá, ẹ tan án, kí ẹ sì kúrò níbẹ̀. Ife lè gbẹ ní ọjọ́ kìíní láìsí ìfófó kankan nínú rẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, ẹ wo ara rẹ̀: ẹ máa rí ibi tí omi funfun tó kún fún afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ parí sí, tí ìfófó oníhóró ńlá bẹ̀rẹ̀. Ojú ààlà yẹn ni ẹ ń wá. Ẹ ti fáàfù díẹ̀díẹ̀ títí ojú ààlà náà á fi dé ibi tí ara skimmer ti pàdé ọrùn, kí ẹ wá dúró. Bí ó bá jẹ́ fáàfù onírin-yíyí, ẹ̀ẹ̀kan kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin yíyí kan lọ. Bí ó bá jẹ́ páìpù tí wọ́n ń yí tàbí tí wọ́n ń fà, 2 sí 3 mm ti tó. Ọjọ́ kejì ni kí ẹ tó tún fọwọ́ kàn án.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí. Ìfófó kì í tètè fèsì bí omi ṣe ń fèsì. Omi á gòkè lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ìfófó tó lágbára tó fi lè gbé ìdọ̀tí gun ọrùn, ó lè gbà á ní wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń yí i ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, yíyí ti àárọ̀ ló ń dá a lóhùn lálẹ́, tó ń rò pé ti ọ̀sán ni.

Ẹ má dín afẹ́fẹ́ kù. Ẹ ṣí ẹnu rọ́bà afẹ́fẹ́ sílẹ̀ pátápátá, fáàfù omi nìkan ni kí ẹ máa lò. Afẹ́fẹ́ ni iṣẹ́ skimmer.

Hóró wẹ́wẹ́ tó ń wọ táńkì máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, nígbà tí ara ike bá ti ní yíyọ̀ díẹ̀. Ẹ lè fi kànìnkànìn dí ẹnu ìjáde fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ máa fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò tó bá yá. Kànìnkànìn tó bá dọ̀tí, á dí omi, omi inú skimmer á sì tún gòkè.


ReefỌmọÈkó (Houston):

Ẹ̀gbọ́n OníSump ti mú un láti ibi tó yẹ. Ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù nìkan ni mo fẹ́ fi kún un, torí ẹni tó rà á ránṣẹ́ lè má mọ̀.

Step-down ń sọ 220V di 110V. Kò lè sọ 50Hz di 60Hz (Hz ni iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ nínú wáyà ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Pọ́ǹpù AC (èyí tó ń lo iná ilé tààrà) tó wà nínú irú skimmer yìí, Hz iná ló ń bá yí. Lórí 60Hz, ó ń yí tó ìgbà 3600 ní ìṣẹ́jú kan. Lórí 50Hz ti Nàìjíríà, 3000 ni. Ìdá kan nínú mẹ́fà ti lọ nìyẹn. Ipá tí pọ́ǹpù sì fi ń fa nǹkan kì í bá yíyí dínkù bákan náà, ìlọ́po ara yíyí ló ń bá lọ: 5/6 lọ́nà 5/6 jẹ́ 25/36, ìyẹn bíi ìdá 69 nínú ọgọ́rùn-ún. Ipá yẹn ló ń fa afẹ́fẹ́ wọlé lẹ́nu venturi (ibi tóóró tí afẹ́fẹ́ ti ń bá omi pàdé). Nítorí náà afẹ́fẹ́ tí skimmer yín ń fà kò tó èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀, àpèjúwe líta 500 yẹn kò sì sí mọ́. Pọ́ǹpù náà á tún máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, torí 110V lórí 50Hz ń mú kí iná tó ń gba inú wáyà rẹ̀ kọjá pọ̀ sí i. Ẹ fọwọ́ kan step-down náà pẹ̀lú lẹ́yìn wákàtí kan. Bí ẹ kò bá lè gbé ọwọ́ lé e, ó kéré jù.

Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe é bóyá wọ́n ní pọ́ǹpù 230V, 50Hz fún skimmer kan náà. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní, ẹsẹ̀ needle wheel rẹ̀ sì sábà máa ń yàtọ̀ sí ti 60Hz, nítorí náà ẹ má ra mọ́tò nìkan kí ẹ wá ki wheel àtijọ́ bọ̀ ọ́. Ọ̀nà kejì ni pọ́ǹpù DC 24V (tó ń lo irú iná tí bátìrì ń mú jáde). Adaptor rẹ̀ sábà máa ń gba 100 sí 240V, 50 tàbí 60Hz, ẹ ò nílò step-down mọ́, ẹ sì lè fi bọ́tìnì dín ìyára rẹ̀ kù. Fún ilé tí iná ń yí láti ọ̀dọ̀ NEPA sí jẹnẹrétọ̀ sí inverter, DC ni mo fara mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wọ́n.

Ohun mìíràn tí ẹ má fojú fò dá ni jẹnẹrétọ̀ kékeré. Bí kò bá sí ẹrù lórí rẹ̀, Hz rẹ̀ lè gòkè dé 52 tàbí 53. Bí fíríìjì àti A.C. bá tan, ó lè wá sí 48. Gbogbo ìgbà tí Hz bá yẹ̀, ìyára pọ́ǹpù AC á yẹ̀, ìfófó náà á yẹ̀. Ẹni tó bá rí skimmer tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, kó kọ́kọ́ wo ibi tí iná ti ń wá lásìkò yẹn. Inverter tí kì í ṣe pure sine (tí ìgbì iná rẹ̀ kò dà bíi ti NEPA) náà kò dára fún pọ́ǹpù AC, á máa kùn, á sì máa gbóná.

Ẹ wo ọ̀kan sí i: pọ́ǹpù AC míì lè yí sẹ́yìn nígbà tí iná bá dé. Ó ń ṣiṣẹ́, ariwo rẹ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó ń fà kò tó nǹkan. Ẹ yọ ọ́ lára iná, ẹ ka márùn-ún, ẹ tún un kì. Bí ó bá ń ṣe é lemọ́lemọ́, ẹ wo orí ìdádúró ike tó wà lẹ́yìn wheel, ó ti jẹ ni.


ỌmọÒkun (Lẹ́kí):

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì. Mo ti gbé e sókè, omi wà ní 20 cm báyìí, gíláàsì ìdínà ló sì ń dá yàrá náà dúró. Ife kò kún mọ́, ìfófó dúdú díẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun ọrùn. Mo ti béèrè pọ́ǹpù 50Hz.

Ó ku mẹ́ta. Àwọ̀ wo ló yẹ kí ohun tó wà nínú ife ní? Kí ló dé tí ó ń kú lẹ́yìn oúnjẹ? Ẹnì kan tún ní kí n na rọ́bà afẹ́fẹ́ gba ojú fèrèsé kí pH lè gòkè, torí 7.8 ni tèmi láàárọ̀. Ṣé òótọ́ ni? Ẹ̀yìn fèrèsé náà ni jẹnẹrétọ̀ wà o.


ÌyáẸja (London):

Àbúrò, jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí oúnjẹ. Ọwọ́ elépo kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó, ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ọrùn skimmer. Òróró inú oúnjẹ ẹja dídì, ti fítámì tí wọ́n ń ro sínú oúnjẹ, àti ìpara ọwọ́ rẹ, gbogbo wọn ló ń fọ́ hóró afẹ́fẹ́. Ìfófó á lọ sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nígbà míì fún wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, á sì padà fúnra rẹ̀. Má fọwọ́ kan fáàfù ní àsìkò yẹn. Bí o bá ti í nígbà tí ìfófó kú, bí ó bá jí lóru, ilẹ̀ pálọ̀ ni wàá bá omi. Yọ́ oúnjẹ dídì nínú omi táńkì díẹ̀, fi asẹ́ kékeré sẹ́ omi rẹ̀ dànù, kí o tó fi fún ẹja. Kí o sì fọ ọwọ́ àti apá rẹ pẹ̀lú omi lásán dé ìgúnpá kí o tó kì í bọ inú táńkì.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà, ìyẹn àwọn ohun tó ń mú kó hó ju agbára lọ: oògùn tó ń pa chlorine inú omi ẹ̀rọ, èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú ààrùn ẹja, oògùn tó ń pa cyano (bakitéríà tó ń bo òkúta), àti amọ̀ epoxy tí wọ́n fi ń lẹ coral mọ́ òkúta. Bí o bá lo epoxy lónìí, yọ ife kúrò tàbí kí o ṣí fáàfù tán títí di ọ̀la. Tí o bá lo oògùn cyano, jẹ́ kí skimmer máa ṣiṣẹ́ láìsí ife lórí, kí omi máa bọ́ padà sínú sump, torí coral àti ẹja nílò afẹ́fẹ́ yẹn gan-an lásìkò oògùn.

Àwọ̀. Omi tíì fífẹ́lẹ́ ni a ń pè ní skim olómi. Dúdú ki, tó ń rùn, ni skim gbígbẹ. Skim olómi ń yọ ìdọ̀tí kúrò kíákíá, ṣùgbọ́n omi iyọ̀ ló ń bá a lọ, ẹ̀rọ tó ń kún sump yóò sì fi omi tí kò níyọ̀ dípò rẹ̀. Gbogbo omi tìrẹ tó líta 350 lẹ́yìn tí a bá ti yọ àyè òkúta kúrò. Bí o bá ń da líta 1 nù lójoojúmọ́, iyọ̀ 35 ppt (gíráàmù 35 nínú kílò omi kan) á di 34.3 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, á sún mọ́ 32 bí oṣù bá pé. Èèyàn á wá máa wá ohun tó ń mú coral rẹ̀ tì. Fún táńkì bíi tìrẹ, wá àárín: àwọ̀ tíì dúdú tí kò ní mílíìkì, kí ife má kún ju ìdajì lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Wọn iyọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí o sì fi omi 35 ppt tí wọ́n ń tà fún àyẹ̀wò tún refractometer (ẹ̀rọ ìwọ̀n iyọ̀) rẹ ṣe, kì í ṣe omi lásán nìkan.

Ìmọ́tótó ni ó ń mú kí fáàfù rẹ dúró síbi tí o fi í sí. Nu inú ọrùn lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bébà tíṣù àti omi tó lọ́ wọ́wọ́, kò sí ọṣẹ. Ọ̀rá tó bá lẹ̀ mọ́ ọrùn ni kì í jẹ́ kí ìfófó lè gun òkè, kì í ṣe fáàfù. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, jẹ́ kí pọ́ǹpù máa ṣiṣẹ́, ki ẹnu rọ́bà afẹ́fẹ́ sínú ife omi RO (omi tí wọ́n fi ẹ̀rọ sẹ́ iyọ̀ kúrò nínú rẹ̀) tó lọ́ wọ́wọ́, kó fa ìlàjì ife kan mu. Iyọ̀ máa ń gbẹ sí ẹnu venturi níbi tí afẹ́fẹ́ ti pàdé omi. Bí o bá rí i tí hóró inú skimmer ń tóbi sí i, tí ara rẹ̀ tó funfun tẹ́lẹ̀ wá ń mọ́ gaara, ibẹ̀ ló dí. Omi táńkì ni kí o má lò, iyọ̀ lo tún ń fi kún un.

Lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, tú pọ́ǹpù. Citric acid gíráàmù 50 nínú omi líta 1, rẹ wheel àti ilé rẹ̀ sínú rẹ̀ títí ẹfun ara rẹ̀ á fi yọ́, fi búrọ́ọ̀ṣì eyín fọ ìyókù. Ọ̀pá seramiki àárín rẹ̀ tètè máa ń ṣẹ́, má fi ẹ̀mú fà á. Bí o bá rí ìpatà lára mágnẹ́ẹ̀tì, ìbòrí rẹ̀ ti là, pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Rọ́bà ojú fèrèsé: òótọ́ ni, bí ó bá jẹ́ pé CO2 inú ilé ló ń fa pH rẹ sílẹ̀. Dán an wò kí o tó lu ògiri. Bu omi táńkì sínú ife, wọn pH rẹ̀, gbé e jáde síta pẹ̀lú ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré kí ó máa hó fún wákàtí kan, kí o wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Bí ó bá ti 7.8 gòkè sí 8.1, atẹ́gùn inú ilé ló ní ẹjọ́. Bí kò bá yí padà, alkalinity (agbára omi láti borí ásíìdì) ni kí o lọ wò. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀? Rárá o. Èéfín rẹ̀ ni skimmer á máa pò mọ́ omi ní gbogbo òru. Gba ọ̀nà mìíràn, tàbí kí o ra agolo soda lime tí wọ́n ń so mọ́ ẹnu rọ́bà, á mú CO2 kúrò nínú atẹ́gùn inú ilé fúnra rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ máa ń yí padà tó bá ti lò tán. Bí ẹ bá na rọ́bà síta, ẹ fi kànìnkànìn dí ẹnu rẹ̀ nítorí eruku ọyẹ́ àti kòkòrò.

Èyí tí wọn kì í sọ fún èèyàn: oògùn ẹ̀fọn tí wọ́n ń fín sínú yàrá. Skimmer ń fa atẹ́gùn yàrá yẹn lọ́pọ̀ líta ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, oògùn yẹn sì burú púpọ̀ fún edé àti akàn. Bí wọ́n bá máa fín in, kí o ti pa skimmer, bo táńkì àti sump, kí o má tan án títí atẹ́gùn á fi mọ́. Ọ̀dà tuntun náà bẹ́ẹ̀.


KòríkòsùnCoral (Abẹ́òkúta):

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn lórí bóyá skimmer náà tóbi jù. Kò tóbi. Líta 500 inú ìwé, ti táńkì tí ẹja rẹ̀ kò pọ̀ ni. Fún táńkì líta 300 tó ní ẹja mẹ́fà tó ń jẹun dáadáa, ó bá a mu, àgàgà bí 50Hz bá ti jẹ nínú rẹ̀. Ẹni tí skimmer rẹ̀ tóbi jù, ẹ máa mọ̀ ọ́n: ìfófó kì í dúró, á gòkè ní wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ, á sì sùn títí di ọjọ́ kejì, torí ìdọ̀tí tó lè so mọ́ ara hóró afẹ́fẹ́ kò tó. Fáàfù kò ní oògùn fún ìyẹn.

Mo fẹ́ bá ÌyáẸja jiyàn díẹ̀ lórí àwọ̀. Kò sí ìdí láti máa lé skim olómi tàbí gbígbẹ bí ẹni lé ológbò. Ní 2009, Ken Feldman àti Kelly Maers ní Yunifásítì Penn State tẹ ìwádìí kan jáde lórí iṣẹ́ skimmer, wọ́n wọn TOC, ìyẹn gbogbo carbon tó ń wá láti ara ohun abẹ̀mí tó ti yọ́ sínú omi. Àwọn skimmer tí wọ́n dán wò kò lè yọ ju ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ kúrò, bó ti wù kí wọ́n ṣiṣẹ́ pẹ́ tó. Ìyókù kì í lẹ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ rárá. Activated carbon (èédú tí wọ́n ṣe fún sísẹ́ omi) ni ẹ fi ń mú púpọ̀ nínú ìyẹn, nítorí náà ẹ fi gíráàmù díẹ̀ sínú àpò kan nínú sump, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lóṣooṣù. Ẹ má sì ra skimmer ńlá nítorí nitrate. Skimmer kì í fọwọ́ kan nitrate tàbí phosphate tó ti yọ́ sínú omi. Ohun tó máa jẹrà di wọn ló ń kó kúrò kí ó tó jẹrà.


OníSump (Ìbàdàn):

Ó ku ọ̀rọ̀ iná tó ń lọ tó ń bọ̀, ẹ kò tíì dá a lóhùn.

Bí iná bá lọ, pọ́ǹpù tó ń gbé omi sókè dúró, omi tó wà lórí ihò ìjáde táńkì á sọ̀ kalẹ̀ sínú sump. Jẹ́ ká sọ pé líta 20 ni. Gíga omi sump á bo orí gíláàsì ìdínà, skimmer á wà nínú omi jíjìn. Bí iná bá dé, pọ́ǹpù méjèèjì bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, skimmer á sì da omi sínú ife kí sump tó rí àyè sọ̀ kalẹ̀. Bí pọ́ǹpù yín bá ń gbé líta 1500 ní wákàtí kan, ìyẹn líta 25 ní ìṣẹ́jú kan, kò tó ìṣẹ́jú kan tí omi á fi padà sí ipò rẹ̀. Nítorí náà ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni skimmer nílò láti dúró de pọ́ǹpù òkè.

Gáàdì fíríìjì tí wọ́n ń tà ní gbogbo ọjà iná ń ṣe iṣẹ́ yẹn. A ṣe é kí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ má tètè tan bí iná bá dé, ó ní ìṣẹ́jú tó ń dúró kí ó tó jẹ́ kí iná kọjá. Ẹ ki skimmer nìkan sí i, kí pọ́ǹpù òkè máa gba iná tààrà. Ó tún ń dáàbò bo pọ́ǹpù nígbà tí iná bá wálẹ̀ jù tàbí tó bá gòkè jù. Tí ẹ bá ti ń lo inverter fún pọ́ǹpù òkè, ẹ so skimmer náà mọ́ ọn, watt rẹ̀ kò pọ̀ tó A.C.

Ihò kékeré kan wà nídìí ife fún rọ́bà ìdọ̀tí. Ẹ so rọ́bà mọ́ ọn, kí ó bọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì líta 5 lẹ́gbẹ̀ẹ́ sump. Kẹ́ẹ̀gì náà gbọ́dọ̀ ní ihò kékeré lókè tí atẹ́gùn máa gbà jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi kò ní wọ inú rẹ̀, ife á sì kún sórí ilẹ̀ láìka pé kẹ́ẹ̀gì ṣófo. Kẹ́ẹ̀gì tó bá fẹ́rẹ̀ kún kò gba ẹnikẹ́ni là, nítorí náà ẹ fi float switch sórí rẹ̀ tó máa pa iná skimmer bí omi bá dé líta 4. Tí ẹ kò bá tíì rí float switch, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì náà sínú báàfù, kí ẹ sì dà á nù kí ẹ tó sùn.